Ìjù ọ̀fẹ́ tó gba ife lọ́wọ́ Guy Lewis

Ẹ wo ọkùnrin tó di aṣọ ìnura pupa òun funfun mú pinpin yìí. Guy Lewis nìyẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Yunifásítì Houston, ní Amẹ́ríkà. Láti 1956 dé 1986 ló fi ṣe é: ó borí nígbà 592, ó pàdánù nígbà 279. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kó ikọ̀ rẹ̀ dé ìpele tó ku ikọ̀ mẹ́rin péré, síbẹ̀ kò gba ife ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà rí.

Orí pápá kọ́ ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì ti ń wá ọmọ, yóò sì bá òbí sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi gbà. Ní 1964, Lewis mú Elvin Hayes àti Don Chaney, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ikọ̀ náà. Nígbà tó di 1968, Hayes nìkan gba àmì 39 tí Houston fi na UCLA, ìyẹn Yunifásítì California ní Los Angeles, 71 sí 69 níwájú èrò 52,693.

Ní 1980, Hakeem Ọlájùwọ́n dé láti Èkó. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àmọ́ kò tíì pẹ́ nídìí eré náà. Lewis ò kánjú: ọdún kan gbáko ni ọmọ náà fi ń kọ́ṣẹ́ láìgbá ìdíje kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àṣekágbá 1983 ní Albuquerque, ìlú orí òkè tí èémí kì í tó èèyàn. Eré sísá ni agbára Houston. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣáájú alátakò wọn, Yunifásítì North Carolina State, pẹ̀lú 42 sí 35, Lewis ní kí wọ́n rọra máa gbé bọ́ọ̀lù kiri. Kò sí aago tó ń fipá mú ikọ̀ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kíákíá nígbà náà. Kí ni alátakò ṣe? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe fáólù, kí Houston lè bọ́ sí ìdí ìjù ọ̀fẹ́, ìyẹn jíju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láìsí ẹni tó ń dí èèyàn lọ́wọ́. Òfin ìgbà náà ni pé bí ìjù ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ bá wọlé, o lè ju èkejì. Bí kò bá wọlé, èkejì ti lọ nìyẹn, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó bọ́ọ̀lù ló ni ín. Nínú ìjù ọ̀fẹ́ 19, 10 péré ni Houston rí jù wọlé. Wọ́n wà ní 52 sí 52 nígbà tí Alvin Franklin ti Houston tàsé ti àkọ́kọ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, Dereck Whittenburg ti North Carolina State ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé àwọ̀n. Lorenzo Charles, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, hán an lókè, ó sì tì í wọ àwọ̀n. North Carolina State borí, 54 sí 52.

Ọ̀pọ̀ ní rírọra gbá ló ba nǹkan jẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ọgbọ́n yẹn dára fún ikọ̀ tó mọ ìjù ọ̀fẹ́ jù nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n; ibi ìdánrawò ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lẹ́yìn eré sísá, kì í ṣe kí ara tó gbóná.

Ọdún 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Lewis wọ ilé ọlá Naismith, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn akọni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Hayes ti wọ̀ ọ́ ní 1990, Clyde Drexler, tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Lewis, ní 2004, Ọlájùwọ́n ní 2008. Ó yẹ kí olùkọ́ wọn ti ṣáájú wọn.