Ilẹ̀kùn Tí A Kò Tì: Ọrùn Ta Ni Ẹ̀bi Olè Wà?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá jí ọ̀kadà tí wọn kò fi àgádágodo sí, tàbí fóònù tí ẹnì kan gbé sórí tábìlì nígbà tó lọ bu oúnjẹ, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó pé jọ ni pé, "Kí ló dé tí o kò fi pa á mọ́?" Wọn yóò da ìbéèrè bo olóhun títí ojú yóò fi tì í, ẹni tó jí i yóò sì ti lọ láìsí ẹni tó dárúkọ olè.

Òwe tí wọ́n sábà máa ń fi dá olóhun lẹ́bi ni pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n bí aláǹgbá ṣe ráyè wọlé ló ń sọ, kò sọ pé ògiri ló jalè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ń lò. Abala 383 sọ ohun tí olè jíjà jẹ́, kò sì béèrè níbì kankan bóyá olóhun ti ẹrù rẹ̀ mọ́lé. Abala 410 tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹnì kan bá kàn fi ọwọ́ taari ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i, òfin ka èyí sí fífọ́ ilé. Bákan náà ni ẹni tó rí fóònù he nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí fóònù náà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì yọ síìmù rẹ̀ sọnù, kò lè fi pé òun kò mọ bí òun yóò ṣe rí olóhun yọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀sùn olè.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé òfin tó dé. Ẹni tó bá to igi ìdáná sẹ́bàá ọ̀nà yóò fi ààlè lé e: ìkarahun ìgbín, àkísà, ṣùkù àgbàdo tàbí bàtà tó ti gbó. Ààlè kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọjá ló ń bá wí, òun ló sì ń kìlọ̀ fún pé ohun náà ní olóhun.

Bí a bá sì ń wá ẹlòmíràn tí ẹ̀bi kàn, ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tó ra ẹrù olè. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni abala 390 là sílẹ̀ fún olè tí kò ní ọ̀ràn mìíràn nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lábẹ́ abala 427.

Ibi tí àìṣọ́ra ti di ẹ̀bi gidi ni ibi tí ohun náà kì í ti í ṣe tiwa. Télọ̀ tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ṣíṣí tí wọ́n fi kó aṣọ oníbàárà lọ, tàbí mẹkáníìkì tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ti gba ohun náà sí ìkáwọ́ ara rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè ní kí ó san owó rẹ̀. Síbẹ̀, gbèsè ni tirẹ̀; ọ̀ràn olè ṣì wà lọ́rùn olè.

Nítorí náà, bí wọ́n bá jí fóònù aládùúgbò yín, ẹ bá a pe iléeṣẹ́ tó ni síìmù kí wọ́n tì í pa, ẹ bá a pe báǹkì rẹ̀, kí ẹ sì bá a wá páálí fóònù náà, nítorí pé ibẹ̀ ni nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, tí àwọn ọlọ́pàá yóò béèrè wà.