Sípíkà omni: ẹ wọn pálọ̀ yín kí ẹ tó gba Alábà lọ

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò wá. Ọ̀rọ̀ sípíkà tó ń fọhùn yíká la mú wá lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní omni.

Sípíkà tó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, iwájú nìkan ló kọjú sí. Béèsì rẹ̀ ń kárí yàrá, àmọ́ ohùn tó tín-ín-rín ń lọ tààrà bí iná tọ́ọ̀ṣì. Tí wúfà, ìyẹn ojú sípíkà tó ń gbé béèsì, bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, láti nǹkan bíi 1,700 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sókè lohùn rẹ̀ ti ń ṣù jọ síwájú. Ẹni tó wà lórí àga àárín ń gbádùn. Èyí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kò gbọ́ orin náà délẹ̀. Omni kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ibi yòówù kéèyàn jókòó sí, ohùn náà á bá a níbẹ̀.

Àmọ́ bó ṣe ń fọhùn sí wa létí náà ló ń fọ̀ ọ́ sí ògiri lára. Ẹni tó bá ra omni, yàrá rẹ̀ ti di ara sípíkà nìyẹn. Ìdí rèé tá a fi ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọn pálọ̀ yín.

Ẹ mú tépù. Ká ní pálọ̀ yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ìyẹn mítà 3.66 níbùú lóòró. Ẹ fi mítà 1 sílẹ̀ láàárín sípíkà àti ògiri ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 80 sílẹ̀ sí ògiri ẹ̀gbẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Nǹkan bíi mítà 2 ló máa wà láàárín sípíkà méjèèjì. Ẹ fi àga sí mítà 2 níwájú wọn, á wá ku sẹ̀ǹtímítà 66 lẹ́yìn orí yín. Ẹ má jẹ́ kí àlàfo ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ dọ́gba o: tí wọ́n bá dọ́gba, ìró kan náà ni ògiri méjèèjì á pawọ́ pọ̀ bà jẹ́.

Kí ló dé tá a fi ń tẹnu mọ́ mítà 1? Ohùn tó lọ bá ògiri tó sì padà ti rin mítà 2 lé. Ó fi nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ ju èyí tó wá tààrà lọ, etí sì lè fàyè gba ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé e sún mọ́ ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 30, àlàfo náà kò ní tó ìdá méjì. Ohùn méjèèjì á dà pọ̀, ọ̀rọ̀ inú orin kò ní já gaara. Ní sẹ̀ǹtímítà 50, èyí tó ti ara ògiri bọ̀ á máa pa èyí tó wá tààrà lẹ́nu ní àyíká 171 Hz, ibẹ̀ sì ni ohùn ọkùnrin ti ń rí agbára. Ẹni tí kò bá ráyè fa sípíkà kúrò lára ògiri, kó fi omni sílẹ̀. Sípíkà olójú iwájú tó dáa á ṣe é lóore jù.

Yàrá tí ìbú àti òró rẹ̀ dọ́gba tún ní tirẹ̀. Nínú pálọ̀ mítà 3.66 yẹn, béèsì á máa kùn ní nǹkan bíi 47 Hz, torí pé gbogbo ògiri ló ń gbé ìró kan náà. Ó máa ń le jù lára ògiri, nítorí náà ẹ má fẹ̀yìn àga ti ògiri.

Ẹ wá dúró láàárín yàrá, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́, tí wọ́n tẹ́ táìsì sí, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, kò sí èyí tó ń mu ohùn nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró tó ń ta láti ògiri dé ògiri kó tó kú, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sáàárín sípíkà àti àga, kẹ́ ẹ ta kọ́tìnì wíwúwo tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì fèrèsé, kó lè ṣẹ́ra dáadáa. Fóòmù tín-ín-rín tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò wù wá: ohùn òkè nìkan ló ń mu, béèsì á ṣì máa hó, orin á wá dákú. Ṣẹ́lífù ìwé sàn jù níbi ògiri ẹ̀gbẹ́. Tí àtẹ́wọ́ bá ti ń kú kíá, ẹ dúró níbẹ̀, torí omni kò dùn nínú yàrá tó ti kú pátápátá.

Ní ti oríṣi rẹ̀, Duevel ti Jámánì máa ń kọjú sípíkà sókè, wọ́n á wá fi nǹkan olórí ṣóńṣó tàbí bọ́ọ̀lù sókè rẹ̀ kó lè fọ́n ohùn káàkiri. Kọ́nù (abala tó ń gbọ̀n nínú sípíkà) tó dorí kodò, ọgbọ́n Lincoln Walsh, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni Ohm Acoustics ti Amẹ́ríkà ń lò. Ti wọn máa ń dín ohùn tó ń lọ sí ògiri kù, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún yàrá kékeré. MBL ti Berlin ń lo abala tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wú tó sì ń sún kì. Ó dùn púpọ̀, ó wọ́n púpọ̀, amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) tó lágbára gidi ló sì ń fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá dé Alábà, ariwo ibẹ̀ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dùn tó, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè yẹ̀ wò. Ẹ rọra fi ìka tẹ kọ́nù wúfà níhà méjèèjì; tó bá ń ha, kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà tó wé sẹ́yìn kọ́nù, ti ń fara gbo. Ẹ fọwọ́ kan etí kọ́nù náà: rọ́bà ni kẹ́ ẹ mú, torí ooru àti ọ̀rinrin wa ń jẹ fóòmù títí á fi máa rún. Ẹ fi mítà táwọn oníṣẹ́ iná ń lò (multimeter) wọn ohm rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó. Èyí tí wọ́n kọ 8 ohm sí yẹ kó fi nǹkan bíi 5.5 sí 7 hàn. Oní-4 ohm, bíi 3 sí 3.5.

Ẹ má tẹ̀ lé 5000W PMPO, nọ́ńbà àbùmọ́ tí wọ́n kọ sára amplifier. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: tó bá jẹ́ wáàtì 100 ló ń fà látinú iná, kò lè fi 5000 jáde. RMS, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró, ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n kọ 4 ohm síbẹ̀ tí sípíkà yín bá jẹ́ 4. Bí sípíkà kan bá fi 3 dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún tó) rẹlẹ̀ sí òmíràn, agbára ìlọ́po méjì ló máa gbà kí wọ́n tó jọ dún dọ́gba.

Èyí tó kọjú sókè, eruku ọyẹ́ ń bà lé inú kọ́nù rẹ̀ tààrà. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá a, kẹ́ ẹ máa fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó tẹ́ ẹ bá ti pa á, kí ọmọńlé má sọ ibẹ̀ di ilé. Afẹ́fẹ́ òkun tún ń sọ ẹnu wáyà di àwọ̀ ewé. Tẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò, kẹ́ ẹ bó o tuntun. Pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ní sípíkà méjèèjì: tẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀kan so, béèsì á rù, omni kì í sì jẹ́ kéèyàn tètè fura.