Lótò, Ìfura àti Ọwọ́ Tó Ń Gba Tíkẹ́ẹ̀tì

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti wáyé, níwájú àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀dọ́. Mo ti yọ ọ̀pọ̀ ìkíni kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì tó wá láti inú àwùjọ kún un.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí kò lọ́jú pọ̀: ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ nídìí lótò ni, àbí wọn kò rẹ́ wa jẹ? Láti Wàǹdó títí dé Àjàrá, gbólóhùn kan náà ló wà lẹ́nu àwọn tó ń ta á: "Wọ́n ti mọ nọ́ńbà tó máa jáde kí wọ́n tó fà á." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ a sì tún lọ ta tiẹ̀ lọ́sàn-án. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ibi tí à ń wò kọ́ ni olè wà. Àpótí tí bọ́ọ̀lù ń yí nínú rẹ̀ là ń fura sí, bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́wọ́ wa sí ìgbà tí owó yẹ kó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń jà wá lólè jù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àpótí náà bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ní mo fò ó. Irú lótò tó gbajúmọ̀ jù ní agbègbè wa, láti Gánà wá dé Nàìjíríà, ni èyí tí wọ́n ti ń fa nọ́ńbà 5 láàárín 90. Ìlú Genoa ní Ítálì ló ti ṣẹ̀. Wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké mú àwọn tó máa jókòó nígbìmọ̀ ìlú níbẹ̀, àwọn aráàlú a sì máa ta tẹ́tẹ́ lórí orúkọ ẹni tí kèké máa mú. Nígbà tó yá, nọ́ńbà rọ́pò orúkọ. Loterie Nationale du Bénin, iléeṣẹ́ lótò ìjọba tiwa, ti wà láti ọdún 1967, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey.

Ṣé èèyàn lè ṣe màgòmágó sí àpótí? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1980, 666 ló jáde nínú lótò onínọ́ńbà mẹ́ta. Nick Perry, ẹni tó ń kéde èsì lórí tẹlifíṣọ̀n, àti àwọn tí wọ́n jọ gbìmọ̀, ti fi abẹ́rẹ́ fa ọ̀dà sínú àwọn bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn àfi 4 àti 6. Èyí tó wúwo kò lè fò sókè dáadáa, èyí tó fúyẹ́ ló ń rí ọ̀nà. Oríṣi mẹ́jọ péré ló kù tí wọ́n ní láti rà: 444, 446, 464, títí dé 666. Wọ́n rà á ní àràpajúdé, ìràkurà yẹn ló sì tú àṣírí wọn, nítorí ojú gbogbo èèyàn ló rí i pé owó ńlá ti rọ́ lé nọ́ńbà mẹ́jọ lórí.

Ti Eddie Tipton tún burú jùyẹn lọ. Òun gan-an ni ọ̀gá ètò ààbò kọ̀ǹpútà ní àjọ tó ń bójú tó lótò fún ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó fi ìlànà àṣírí kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó ń yan nọ́ńbà, débi pé láwọn ọjọ́ kan nínú ọdún, ohun tó lè jáde kò pọ̀ mọ́ lójú rẹ̀. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ó jẹ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, ọdún kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni tó yọjú láti gbà á. Orúkọ iléeṣẹ́ kan ní Belize ni wọ́n wá fi bèèrè owó náà. Àwọn tó fẹ́ sanwó fura, wọ́n ní ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì gan-an làwọn fẹ́ rí. Nígbà tí wọ́n gbé fídíò ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á jáde lọ́dún 2014, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ni adájọ́ dá fún un lọ́dún 2017. Ará ilé ló ṣe é nínú ọ̀ràn méjèèjì, nídìí tíkẹ́ẹ̀tì ni àṣírí wọn sì ti tú, kì í ṣe nídìí àpótí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣàjèjì ni ẹ̀rú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ló jáde lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra ní Bulgaria: 4, 15, 23, 24, 35 àti 42. Ìjọba ní kí wọ́n wádìí, wọn ò rí màgòmágó kankan. Ní South Africa, lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2020, 5, 6, 7, 8, 9 ló jáde, bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn sì jẹ́ 10. Ariwo gba ìlú. Ogún èèyàn ló jẹ ẹ́, wọ́n sì pín in. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: olè wo ló máa yan nọ́ńbà tí èèyàn mọ́kàndínlógún á bá a pín?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí àpótí. Ní Ontario, ní Kánádà, bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Bob Edmonds mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́dún 2001 pé kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ 250,000 dọ́là. Kò mọ̀. Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti bá a yẹ̀ ẹ́ wò ni owó náà gbà lọ. Iléeṣẹ́ lótò bá bàbá yìí fa ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó sanwó fún un. Lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 2006, wọ́n wá rí i pé àwọn tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ń jẹ tẹ́tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àpótí mọ́, bọ́ọ̀lù mọ́, ọwọ́ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì ni kò mọ́.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni. Nígbà mìíràn orí fóònù ló ń gbà wọlé: "Ẹ kú oríire, ẹ ti jẹ mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ fi 15,000 fàráǹkì ránṣẹ́ fún owó ìwé." Tẹ́tẹ́ tí ẹ kò ta, báwo lẹ ṣe jẹ ẹ́? Ilé tẹ́tẹ́ tó fẹ́ sanwó kò ní kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà ẹnì kan. Àwọn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní gaïman ló wà nídìí ìyẹn. Òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń pè ní Code du numérique dì wọ́n mú, CNIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló sì ń tọpinpin wọn. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ nígbà tí inú bá ń bí yín, òun ni ẹ̀rí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù láti tú ni ti àwọn tó ń ta "nọ́ńbà tó dájú" lórí WhatsApp. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ní oníbàárà 90. Ó fún ẹni àkọ́kọ́ ní 1, ó fún ìkejì ní 2, títí dé 90, ó sì ń kìlọ̀ fún oníkálukú pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà 5 ló máa jáde, nítorí náà èèyàn 5 gbọ́dọ̀ jẹ. Kò sí àlá níbẹ̀, kò sí awo. Àwọn márùn-ún yìí á fi orí ìyá wọn búra pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn 85 yòókù á dákẹ́, nítorí ojú ń tì wọ́n. Ẹ̀rí àwọn márùn-ún nìkan lẹ ó máa gbọ́ lọ́jà.

Ẹnì kan lè sọ pé ìgbẹ́kẹ̀lé ló bàjẹ́ nílùú, àti pé láti ìgbà tí ICC Services, iléeṣẹ́ tó ń gba owó aráàlú pẹ̀lú ìlérí èlé ńlá, ti dojú dé lọ́dún 2010 tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ, kò sẹ́ni tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú mi. A ṣì ń dá àjọ. A gbà á gbọ́ nítorí a mọ ilé bàbá ẹni tó ń kó owó náà jọ, a sì mọ ọjọ́ tó kàn wá. Gààrí tí à ń rà ní Wàǹdó ńkọ́? Ojú wa kì í kúrò lára agolo títí á fi kún. Ohun tí a lè yẹ̀ wò la máa ń gbà gbọ́. Ilé tẹ́tẹ́ tó bá ń bẹ̀ wá pé ká gba òun gbọ́, ẹ ní kó fi hàn yín: ibi tí wọ́n ń tọ́jú bọ́ọ̀lù sí, ẹni tó ń wọ̀n wọ́n, ẹni ìta tó ń dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fà á.

Ó ku ohun kan tí kò dùn ún gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà pé olè kankan ò sí níbẹ̀ rárá. Nínú 90, oríṣi méjì-méjì tí a lè mú jẹ́ 4,005. Nọ́ńbà 5 tó jáde ní oríṣi 10 nínú. Tí èèyàn 4,005 bá mú oríṣi kọ̀ọ̀kan tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, pẹ̀lú 100 fàráǹkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tó wọlé jẹ́ 400,500. Ìlọ́po 240 ni ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ní Nàìjíríà máa ń san fún méjì tó bá jáde. Àwọn mẹ́wàá gba 24,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, 240,000 lápapọ̀. 160,500 kù sílẹ̀, gbangba lójú oòrùn, láìjí kọ́bọ̀. Ẹ fi iye tí wọ́n ń san níbi tí ẹ ti ń ta sí i, kí ẹ tún un ṣírò.

Ìyá kan bi mí pé, "Ọmọ mi, èmi ò mọ̀wé, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo jẹ?" Mo ní, Màmá, ẹ má jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí ọmọ yín ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Tí èsì bá jáde, ẹ ní kí ẹni méjì tí kò mọ ara wọn bá yín kà á, kí ẹ tó lọ síwájú ẹ̀rọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì dìde, inú ń bí i díẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tí kò bá ti jẹ ló ń pe òun lólè, kí ni kí òun ṣe? Mo ní kó yí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sí oníbàárà. Ó ní okùn ẹ̀rọ náà kúrú. Bàbá oníná kan tó jókòó lẹ́yìn ní òun ní okùn tó gùn jùyẹn lọ nílé, kó wá mú un.