Victoria Amelina: ẹ má ti ìdí bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tètè gbé ìjà mi kalẹ̀. Tí wọ́n bá ti dárúkọ Victoria Amelina, òǹkọ̀wé ọmọ Ukraine, báyìí, Kramatorsk, ìlú kan ní ìlà-oòrùn Ukraine, ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, ilé oúnjẹ tí mísáìlì Rọ́ṣíà wó ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2023, tóun àtàwọn àlejò láti Kòlóńbíà ń jẹun lọ́wọ́, tó wá kú ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ọmọ ọdún 37. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ ikú kọ́ ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé o!

Lviv ni wọ́n bí i sí ní 1986. Kọ̀ǹpútà ló kà ní yunifásítì, iṣẹ́ ẹ̀ náà ló ń ṣe títí di 2015 tó fi jáwọ́ torí ìwé kíkọ. (Ẹ̀yin ará IT tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ má wojú mi, mi ò ní kẹ́ ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀.) Ìwé ìtàn àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde ní 2014, ṣùgbọ́n ti 2017 gan-an ni tèmi, torí ajá ló ń sọ ìtàn yẹn, ajá ìdílé kọ́nẹ́ẹ̀lì Sófíẹ́ẹ̀tì kan, tí wọ́n ń gbé fúláàtì kan ní Lviv tí Stanisław Lem, òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì ọmọ Poland, ti gbé rí ní kékeré. Ta ló ti gbébẹ̀ ṣáájú wọn, kí ló dé táwọn àgbàlagbà ilé ò fẹ́ sọ? Ajá ò báyàn ṣòṣèlú, ohun tí imú ẹ̀ bá gbé ló máa sọ.

Ẹ wá fi ìyẹn sọ́kàn. Ní 2022 ó di olùwádìí ìwà ọ̀daràn ogun pẹ̀lú Truth Hounds, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìwà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè wá sọ pé ó ti pa ìwé tì. Irọ́ ńlá! Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ó dé Kapytolivka nítòsí Izium, abúlé Volodymyr Vakulenko, òǹkọ̀wé ọmọdé táwọn sójà Rọ́ṣíà jí gbé tí wọ́n sì pa. Ọkùnrin yẹn ti ri dáyárì ẹ̀ mọ́ ìdí igi ṣẹ́rì kí wọ́n tó gbé e. Amelina àti bàbá olóògbé jọ gbẹ́lẹ̀ gbẹ́lẹ̀, ọwọ́ Amelina ló bà á, ìwé tí wọ́n ká róbótó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2023, òun ló kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Ṣé èyí wá yàtọ̀ sí iṣẹ́ ajá yẹn ni?

Àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ n sáré: ayẹyẹ ìwé tó dá sílẹ̀ ní 2021 ní ìlú kékeré kan ní Donetsk tó ń jẹ́ New York, ẹ lọ wò ó fúnra yín, ewì ẹ̀ náà...

Arábìnrin kan wá nawọ́ lẹ́yìn: «Sà, ìwé tí Amelina kọ gbẹ̀yìn ò parí kó tó kú, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ṣàánú ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní Orwell Prize, ẹ̀bùn ìwé òṣèlú yẹn, ní 2025?»

Mo ti fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ ẹ ti fọwọ́ kan egbò. Àwọn obìnrin tó ń wádìí ogun ló wà nínú ìwé yẹn, Oleksandra Matviichuk, lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wà níbẹ̀, lọ́yà mìíràn tó di sójà wà níbẹ̀. Ibi tó bá iṣẹ́ dé làwọn olóòtú fi í sí, àkọsílẹ̀ já sọ́nà, wọn ò bá a rán an. Orí tó parí nínú ẹ̀, mà á gbé e síwájú adájọ́ èyíkéyìí, àánú ò sí ńbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì kà á tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ àánú, ẹ ń gbọ́ mi?